Ta ló mọ ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìlú? Ìtàn ẹ̀kọ́ ìṣàkóso láàrin wa, láti Ponty títí dé Calavi



Ní ọdọọdún, bí èsì BAC bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé tọ àwa olùkọ́ wá. Ọmọ á ní òun fẹ́ lọ kọ́ administration publique ní Calavi tàbí ní Lomé. Bàbá rẹ̀ á ní: «Ìjọba kì í gba èèyàn síṣẹ́ bíi tàtijọ́ mọ́. Kí lo fẹ́ fi í ṣe?» Ìyá rẹ̀ á ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí kó kúkú wá ṣòwò. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìbéèrè yẹn kù díẹ̀ káàtó. Kí a tó béèrè iye tí ẹ̀kọ́ yìí yóò mú wálé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí àìmọ̀ rẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ wa rí. Ìtàn ló lè dá wa lóhùn.

1. Kí ìwé tó dé

Àwọn baba wa mọ ìlú í ṣe kí òyìnbó tó dé. Ẹ wo Kétu. Ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní ìtẹ̀léra: bí ọba láti ilé kan bá wàjà, ó di ti ilé tó kàn. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Kò sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo èyí. Ọmọ á jókòó sẹ́bàá àgbà, á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́, á rí bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀. Èdè tí ìlú ń sọ ni wọ́n fi ń ṣe ìlú. Bí ọba bá ṣi agbára lò, ìyá tó ń tajà lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ìwé tó bò ó mọ́ ọn lójú.

Ogun Dahomey ló kọ́kọ́ da nǹkan rú. Ní 1886 wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abomey. Ní 1894, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, àwọn tó kù padà wá tún ìlú dó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kétu ṣì wà ní ahoro, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan tó fa ààlà sí àárín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ará ilé kan náà ni wọ́n. Ìwé ló ṣe é. Kò sí ọmọ wa kankan níbẹ̀ tó lè ka ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

2. Wọ́n ń kọ́ bí wọn yóò ṣe ṣàkóso wa

Ní 1889 yẹn kan náà, ìjọba Faransé dá École coloniale sílẹ̀ ní Paris. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọn ní òfin àti ní ètò ìjọba àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ń di administrateur, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe commandant de cercle. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa: kí ọmọ wa kankan tó rí iléèwé tó ti lè kọ́ iṣẹ́ náà, ọmọ Faransé ti ń kọ́ ọ ní Paris.

Gbogbo agbára wà lọ́wọ́ commandant. Òun ló ń gba owó orí. Òun ló ń kó èèyàn lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà tipátipá. Òun náà ló tún ń dá ẹjọ́. Lábẹ́ òfin indigénat, ó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n láìgbé e dé ilé-ẹjọ́. Ọba tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún di ẹni tó ń dúró de àṣẹ. Èèyàn méjì péré ló wà láàrin commandant àti ará ìlú: ògbufọ̀ àti akọ̀wé. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni commandant gbọ́. Ohun tí akọ̀wé bá kọ ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n nílò àwọn ọmọ ilẹ̀ láti bá wọn ṣiṣẹ́. Ní 1903 wọ́n dá école normale kan sílẹ̀ ní Saint-Louis, ní Senegal. Ó kó lọ sí Gorée, ó gba orúkọ William Ponty ní 1915, ó sì tún kó lọ sí Sébikotane ní 1938. Ní tiwa, ọ̀nà Ponty gba Àjàṣẹ́ kọjá, ní iléèwé Victor Ballot tí à ń pè ní Lycée Béhanzin lónìí. Àwọn tó padà di ààrẹ pọ̀ nínú àwọn tí Ponty kọ́: Houphouët-Boigny, Modibo Keita, Hamani Diori, àti Hubert Maga tiwa.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe jáde, àti akọ̀wé, àti àwọn tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ igbákejì dókítà. Ìwé ẹ̀rí Ponty kò dọ́gba pẹ̀lú BAC ti Faransé, nítorí náà kò ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. Wọ́n kọ́ ọmọ wa láti kọ lẹ́tà. Wọn kò kọ́ ọ láti fọwọ́ sí i.

3. Ọkùnrin Àjàṣẹ́ tó lo ìwé wọn

Síbẹ̀, ẹni tí a bá kọ́ ní ìwé, a kò lè sọ ibi tí yóò kà á dé. Louis Hunkanrin jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ ní école normale ti Saint-Louis. Olùkọ́ bíi tiwa ni. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dípò kó gbé àdá, ó gbé kálámù. Ó kọ̀wé lòdì sí ìwà gómìnà Noufflard, ó fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Faransé fúnra rẹ̀, ó sì bá wọn dá ẹ̀ka Ligue des droits de l'homme sílẹ̀ ní Dahomey. Òfin tí àwọn Faransé ṣe fún ara wọn nílé ni Hunkanrin mú, tó fi ń bi wọ́n pé: kí ló dé tí èyí kò fi dé ọ̀dọ̀ wa?

Ní 1923, nígbà tí wọ́n fi kún owó orí, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀. Ìpàdé kún ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ gùn lé ìyanṣẹ́lódì, gómìnà Fourn sì kó ọmọ ogun wọ̀lú. Wọ́n ní ọwọ́ Hunkanrin wà níbẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí aginjù Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ ronú sí i: kí ni ìjọba tó ní ìbọn ń bẹ̀rù lára olùkọ́ kan? Ohun tó ń bẹ̀rù ni pé ó mọ bí ọ́fíìsì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá, ó mọ òfin tí gómìnà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ rú.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Láti 1927 ni ìwé ìròyìn La Voix du Dahomey ti ń tú àṣírí ìṣekúṣe àwọn aláṣẹ, títí wọ́n fi gbé àwọn tó ń ṣe é lọ sí ilé-ẹjọ́. Èyí ni ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ wa kọ́ fúnra wọn. Kò ní ìwé ẹ̀rí, àmọ́ ó ṣiṣẹ́.

4. A di akọ̀wé fún ẹlòmíràn

Lẹ́yìn ogun ńlá kejì, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní 1946 wọ́n fòpin sí indigénat àti iṣẹ́ tipátipá, òfin Lamine Guèye sì sọ gbogbo ènìyàn ilẹ̀ ìjọba Faransé di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní 1950, òfin kejì tó ń jẹ́ orúkọ Lamine Guèye yìí kan náà ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba dúdú àti funfun máa gba ẹ̀tọ́ kan náà. Ní 1956, loi-cadre fi ipò lé àwọn ọmọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ní tòótọ́.

Àwọn ọmọ Dahomey ti múra sílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí iléèwé ti pọ̀ ní etí òkun wa. Emmanuel Mounier, òǹkọ̀wé Faransé, pe ilẹ̀ yìí ní Quartier latin ti Áfíríkà, ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé kún sí. Epo pupa nìkan kọ́ ni Dahomey ń kó ránṣẹ́ sí òkèèrè, akọ̀wé náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ló wà ní ọ́fíìsì ìjọba àti ilé iṣẹ́ ní Abidjan, ní Niamey, ní Dakar. Wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń kọ́lé. Gbogbo ìyá fẹ́ kí ọmọ òun di akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, àwọn ará Abidjan dìde sí àwọn ọmọ Dahomey àti Tógò. Wọ́n ní àwọn àjèjì ti gba gbogbo iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún padà wálé pẹ̀lú ẹrù orí wọn. Ní òpin ọdún 1963, Niger náà ní kí àwọn ọmọ Dahomey máa lọ. Ẹni tó jẹ́ ààrẹ Niger nígbà náà ni Hamani Diori, ọmọ tó ti jókòó kàwé ní Victor Ballot, ní Àjàṣẹ́ níbí.

Níbo ni wọn yóò ti rí iṣẹ́ fún gbogbo akọ̀wé tó padà dé wọ̀nyí? Dahomey kéré, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì ń jẹ apá tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé. Bí ìjọba bá gé owó oṣù, ìyanṣẹ́lódì. Bí ìyanṣẹ́lódì bá pẹ́, àwọn ológun á dé. 1963, 1965, 1967, 1969, 1972: ẹ kà wọ́n. Owó oṣù nìkan kọ́ ló fà á, ìjà àwọn olóṣèlú láàrin Àríwá, Abomey àti Àjàṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti jókòó sí ọ́fíìsì nìkan, tí kò kọ́ wọn láti ṣe ohun tí yóò bọ́ ọ́fíìsì náà, ìjà àga ni yóò máa bá a jà.

5. Calavi dé

Nígbà òmìnira, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso dé òkè ní láti lọ sí Dakar tàbí Faransé. Láàrin 1960 sí 1970, Dahomey àti Tógò pa owó pọ̀, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀: wọ́n ń kọ́ lettres ní Lomé, sciences ní Àjàṣẹ́. Ní 1970 wọ́n pínyà. Tógò ní yunifásítì tirẹ̀ ní Lomé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Université du Bénin, orúkọ tó jẹ́ títí di 2001. Dahomey ní tirẹ̀ ní Abomey-Calavi. Nígbà tí Dahomey yí orúkọ padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, tiwa di Université nationale du Bénin. Ní 2001 ó di Université d'Abomey-Calavi. Ẹ̀ka òfin àti ìṣèlú wà níbẹ̀, ENA náà dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn. Ẹni tó bá jáde, ìjọba á gbà á síṣẹ́ láìsí wàhálà. Ibẹ̀ ni àwọn òbí wa ti kọ́ pé ìwé àti owó oṣù ìjọba, ọ̀kan náà ni. Láàrin 1980 sí 1990, owó tán. Ìjọba dá gbígba èèyàn síṣẹ́ dúró. Báǹkì dẹnu kọlẹ̀. Ní 1989, òṣìṣẹ́ ń lo oṣù mélòó kan láìrí owó, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì bọ́ sí títì. Ó di oṣù kejì ọdún 1990, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28, wọ́n pe Conférence nationale ní Cotonou. Ẹni tí wọ́n yàn níbẹ̀ láti ṣe Premier ministre ni Nicéphore Soglo, tí wọ́n bí ní Lomé, tó sì kàwé ní ENA ti Paris. Nígbà tí ilé ń jó, ẹni tó mọ ìṣirò owó ìlú ni wọ́n wá.

6. Kí ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà lónìí?

Ọdún mẹ́ta ni licence. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ọmọ ń kọ́ ní èdè tó yé wa, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ń sanwó ohun tí wọn kò mọ̀.

Droit constitutionnel ń kọ́ ọ ní ẹni tó ní agbára, àti ibi tí agbára náà dúró sí. Droit administratif ń kọ́ ọ bí ọ́fíìsì ṣe gbọdọ̀ ṣe ìpinnu, àti bí ará ìlú ṣe lè gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé ìpinnu tí kò bá òfin mu. Finances publiques ń kọ́ ọ bí owó ìlú ṣe ń wọlé, ẹni tó lè pàṣẹ pé kí a ná an, àti ìdí tí ẹni tó ń pàṣẹ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó di àpò mú. Politiques publiques ń kọ́ ọ láti tọ ìṣòro kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kí ló ń ṣe ìlú, ọ̀nà mélòó ló wà, èló ni yóò ná wa, ta ni yóò jàǹfààní, báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Hunkanrin fi ìyà kọ́ gbogbo èyí. Ọmọ wa lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà sì ti súnmọ́ ilé. Òfin ọdún 1999 ló dá ìjọba commune sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ìbò àkọ́kọ́ wáyé láàrin òpin 2002 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2003. Commune 77 ló wà, Kétu, Pọ́bẹ̀, Ṣakẹ́tẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ sì wà nínú wọn. Ní Tógò, wọ́n dìbò fún commune 117 ní 2019, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọn kò dìbò ìbílẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ọdún 2021 tún dá ipò secrétaire exécutif sílẹ̀ ní mairie kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣàkóso, kó máa darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Owó ọjà, ilẹ̀, ìwé ìbí, kànga, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: mairie la ti ń bójú tó wọn báyìí. Commandant ti lọ. Àga rẹ̀ ti wà láàrin ìlú, àwọn ọmọ wa la sì ń wá láti jókòó sí i.

Ẹ wo ìwé ìbí nìkan. Nígbà tí ètò ìforúkọsílẹ̀ RAVIP dé ní 2017, mélòó nínú wa ni kò ní ìwé? Mélòó ni orúkọ rẹ̀ kò bá ti ọmọ rẹ̀ mu, nítorí akọ̀wé kan kọ Adéṣínà bó ṣe gbọ́ ọ, èkejì sì kọ ọ́ lọ́nà mìíràn? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pín sí méjì nínú ìwé, yóò jìyà kó tó gba ogún bàbá rẹ̀. Akọ̀wé tó gbọ́ èdè wa, tó mọ òfin état civil, yóò gba ilé púpọ̀ lọ́wọ́ ìjà.

Tàbí kí a sọ ti ètò ìṣúná. Gbangba ni ìgbìmọ̀ commune ń jókòó. Ẹnikẹ́ni lè wọlé lọ gbọ́. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé rẹ̀, ìyá tó ń san owó ọjà kò sì mọ ibi tí owó rẹ̀ gbà. Ní Kétu àtijọ́, èdè ìlú ni wọ́n fi ń ṣe ìlú. Lónìí, ìwé tún ti bò ó mọ́ wa lójú, àwa fúnra wa la sì ń kọ ọ́.

7. Ọ̀rọ̀ wa sí ọmọ àti òbí

A kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìdíje ìwọlé síṣẹ́ ìjọba le, àyè rẹ̀ kò pọ̀, ìtàn 1989 sì ti fi hàn wá pé owó oṣù ìjọba kì í ṣe àpáta. Ọmọ tó bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nítorí àga nìkan, ó lè pẹ́ kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ọ tó sì mọ̀ ọ́n, ìlú nílò rẹ̀ kódà bí kò bá tíì rí àga: ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nílò ẹni tí yóò kọ ìwé ìdásílẹ̀ wọn, ẹgbẹ́ àwọn òbí iléèwé nílò ẹni tí yóò ka ìṣúná fún wọn, ilé tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ nílò ẹni tí yóò mọ lẹ́tà tó yẹ kí wọ́n kọ, kí ọjọ́ tí òfin dá tó kọjá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí Faransé tí ẹ gbọ́ mú yín gbàgbé èdè ilé. Bí ẹ kò bá lè ṣàlàyé budget communal fún ìyá yín ní Yorùbá, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nígbà ìsinmi: ẹ mú ètò ìṣúná commune yín, ẹ kà á fún àwọn àgbà lábẹ́ igi, ẹ gbọ́ ìbéèrè wọn. Olùkọ́ kankan ní Calavi kò lè fún yín ní ìdánwò tó le ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin òbí, ní 1889 a kò ní ẹnìkan tó lè ka ìwé tó pín wa. Ní 1923 a ní ẹnìkan, wọ́n sì lé e lọ sí aginjù. Lónìí a lè ní ọgọ́rùn-ún ní commune kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì lè lé gbogbo wọn lọ. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlú, ẹ bi í bóyá ìlú ló fẹ́ ṣe lóòótọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ta ni ẹ mọ̀ ní ìlú yín, akọ̀wé, ògbufọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ mairie àtijọ́, tó fi ìwé gba ará ìlú sílẹ̀ rí? Ẹ sọ ìtàn wọn fún wa, kí àwọn ọmọ lè gbọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìlú wa tòrò o.